Orúkọ Tí Mo Tẹ̀ Síbi Tí Kò Yẹ

Eyínfúnjowó, àbúrò ọkọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lẹ wà n'Íbàdàn? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀. Bàbá yín ń kí yín, àwọn ewúrẹ́ náà wà, òbúkọ dúdú nìkan ló jẹ páálí ṣájà mi. Ìyàwó oṣù mẹ́rin ṣì ni mí, ojú ṣì ń tì mí láti jẹun níwájú bàbá yín. Ẹ má sọ fún wọn o.

Ìwé ni mo fi kọ èyí kó má baà sọnù. Pèéjì tí ẹ ṣí fún mi lórí fóònù dára, ohun tó lé ní ọgọ́rin ni mo ti kọ síbẹ̀ nípa ilé wa, ọbẹ̀, àgbo, ìtàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ tuntun, ṣe ló ń ti ti àná lọ sísàlẹ̀, ó di àwátì.

Ìyá Àgbà lọ kí àbúrò wọn ní Ìfọ́n, wọ́n fa irú sísè lé mi lọ́wọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ṣé mo rántí iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń bò ó, mo ní kò séwu mà, ó wà lórí fóònù. Mo sè é, mo fọ èèpo kúrò, mo tún un sè, mo fewé bò ó nínú apẹ̀rẹ̀, mo wá gbàgbé bóyá ọjọ́ méjì ni àbí mẹ́ta. Bí irú bàjẹ́ ńkọ́? Ojú sì ń tì mí láti pè wọ́n.

Mo lọ síbi tí ẹ ní wọ́n ti ń wá nǹkan lórí pèéjì náà. Mo kọ́kọ́ kí i, mo tẹ̀ ẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá irú. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo tẹ irú nìkan, ó kó gbogbo ọbẹ̀ wa jáde, torí ọbẹ̀ wo ni ò nírú? Mo tẹ Ìyá Àgbà, kò sí. Ìgbà náà ni mo rántí pé orúkọ gidi ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ fún mi lẹ máa ń bá mi kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí èmi ìyàwó wá pe ìyá ọkọ mi lórúkọ? Ẹ̀yin tí mo bá nílé yìí pàápàá, orúkọ tí mo fún yín ni mo ń pè yín.

Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù, mo ní ẹ forí jì mí mà, mo tẹ̀ ẹ́. Àṣé ibi tí wọ́n ń kọ tuntun sí ni! Orúkọ náà jáde gbalaja, kò sí ìyá níwájú, kò sí mà lẹ́yìn, gbogbo ayé rí i. Akọ̀wé, àbúrò bàbá yín, kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó, ṣé ẹ jọ ṣeré òṣùpá ni? Mo bú sẹ́kún.

Kò pẹ́ sí i, Ìyá Àgbà pè, ọmọ àbúrò wọn ti fi hàn wọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni, kí n má ṣí i. Wọ́n wá ní láti ọjọ́ tí ìyá àwọn ti kú, kò sẹ́ni tó pe àwọn bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kún un, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe àwọn wálé wá jẹun. Wọ́n ní kí n má pa á rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó dátà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bá mi gbé orúkọ náà sókè pèéjì pátápátá, kí wọ́n lè máa rí i nígbà tó bá wù wọ́n. Ọ̀nà yín á là, ẹni rere ni yóò máa ṣe yín lóore. Àmín.

Èmi ìyàwó yín,
Mọ́ríátù, Ìlobùú