Ojú Ìwé Tí N Kò Ya

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Ọ̀gá Onífáìlì pe gbogbo àwa tá à ń tọ́jú aláìsàn nílé wọn sí ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí. Wolé-wolé ìjọba ń bọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò dá ọjọ́. Wọ́n á yan ilé mẹ́ta, wọ́n á ka ìwé ibẹ̀, wọ́n á wo ọwọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́. Ilé tí wọ́n bá ti rí àṣìṣe, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló máa ru ẹrù ẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì mu omi lé e.
Mo wo ara mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Àwọn tó jókòó tì mí kàwé dé ibi tí àwọn fúnra wọn ò lè pè tán. Ṣùgbọ́n ọdún kan àti oṣù méjì rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ Màmá Aránṣọ — rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá òsì, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà — kò sí egbò kan ṣoṣo lẹ́yìn wọn. Kí wolé-wolé máa bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo ka ìbọ̀wọ́. Mẹ́rìnlélógójì ló kù. Mẹ́jọ ni mò ń lò lóòjọ́, kò ní la ọjọ́ Àìkú já. Mo fi tó Ọ̀gá Onífáìlì létí. Ó ní kí n máa fọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n ní ká lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá lò ó.

Ọjọ́rú, 5
Mo ṣí ìwé ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tá a fi ń kọ gbogbo ohun tá a bá ṣe fún Màmá. Ìyàwó Tuntun tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án ti fàmì sí ti ọ̀sán òní láti àná. Pé òun yí Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní aago méjì. Pé òun tún yí wọn ní mẹ́rin. Nígbà tó dé, mo ní ṣé ó ti di wòlíì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ilé ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́, ó yọ ṣùtì.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo po omi tí màá fi fọ ẹsẹ̀ Màmá. Gbígbóná látinú kẹ́tùlù, tútù láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo fọwọ́ kàn án, mo rí i pé ó dáa. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì sínú bàsíà — ẹsẹ̀ tí kì í mọ nǹkan kan lára mọ́. Màmá ń bú aṣọ ọrùn mi lọ, pé ẹni tó rán an kórìíra mi. À ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo máa gbé ẹsẹ̀ jáde, ó ti pọ́n yòò.
Ìbọ̀wọ́! Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bọ́ ọ kí n tó dán omi wò. Nítorí wolé-wolé, mo wọ rọ́bà tó nípọn láti ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má baà ká mi mọ́ láìwọ̀ ọ́. Rọ́bà ni mo fi dán omi wò. Ìgbọ̀nwọ́ lásán ni wọ́n kọ́ wa pé ká fi dán an wò.
Mo da omi tútù sí ẹsẹ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú, mo ń wo aago. Pípọ́n náà ń rọlẹ̀. Ẹni tó lẹsẹ̀ ò mọ̀. Ọmọ wọn wà níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rí mi.
Mo dúró níwájú ìwé ńlá yẹn. Ó pẹ́. Mo kọ ọ́. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí mo ṣe, bí mo ṣe ṣe é. Mo sọ fún Màmá. Mo pe nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wa, mo pe ọmọ wọn.
Nọ́ọ̀sì ní awọ ò bó, kò ní lé roro.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ẹsẹ̀ ti padà sí àwọ̀ ẹ̀. Àkọ́bí, ọmọ Màmá, kò pariwo. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ni mo fọkàn tán o. Ẹ̀yin náà lẹ wá fomi gbígbóná jó ìyá mi.” Ó ní òun á kọ̀wé sí ọ́fíìsì kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo ra nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ooru omi àti páálí ìbọ̀wọ́ kan. Owó ọkọ̀ ọjọ́ mẹ́rin ló bá a lọ. Màá fẹsẹ̀ rìn.

Ọjọ́ Ajé, 10
Nọ́ọ̀sì ti ròyìn fún Ọ̀gá Onífáìlì, òun fúnra ẹ̀ wá. Ó mú bébà funfun dání, ó mú bírò. Ó ní kí n ya ojú ìwé Ọjọ́bọ̀, kí n kọ òmíì: a wẹ Màmá, ara wọn le. Ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní, “Ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ẹ̀sùn ara ẹ̀, ta ló fẹ́ gbèjà ẹ̀?”
Mo ní, “Ọ̀gá, tí mo bá ya èyí, gbogbo èyí tó kù tí mo kọ pé mo ṣe, ta ló máa gbà mí gbọ́?”
Ó ní ọ̀rọ̀ mi wà lọ́wọ́ mi. Ó fi bébà ẹ̀ sílẹ̀.
Mo ṣírò. Iṣẹ́ yìí ni àbíkẹ́yìn mi fi ń lọ sílé ìwé. Mo tún un ṣírò. Mi ò ya á. Bébà rẹ̀, mo fi nu dígí fèrèsé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Wọn ò wá.

Ọjọ́rú, 12
Wọn ò wá. Ìyàwó Tuntun ò fàmì síwájú mọ́. Ó ní kíkọ ọ́ lásìkò ẹ̀ kò tiẹ̀ gba àkókò tó bí òun ṣe rò.

Ọjọ́bọ̀, 13
Wọ́n dé. Ọkùnrin kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, obìnrin kan tó wọ dígí ojú. Onídígí ṣí ìwé ńlá. Kò fo ojú ìwé kan. Ó dé Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó dúró. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí ta ló kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó ní kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó rí mi.
Mo ní, “Mà, ẹsẹ̀ yẹn ò lè sọ fún Màmá pé iná ń jó òun. Bí èmi náà bá dákẹ́, ta ló máa gbẹnu sọ fún un?”
Kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Ó ní kí n po omi lójú òun. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fọwọ́, mo ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, mo wọn ooru ẹ̀: méjìdínlógójì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní kí n yí Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ìbàdí, ó wo gìgísẹ̀ méjèèjì. Màmá kì í sọ̀rọ̀ yára mọ́, àmọ́ wọ́n ráyè sọ èyí: “Wò ó dáadáa. O ò ní rí ojú rírán kan níbẹ̀.”
Bó ṣe ń lọ ló sọ pé ilé méjì tí àwọn ti kọ́kọ́ dé, ìwé ibẹ̀ mọ́ tónítóní: ọdún kan gbáko, kò sẹ́ni tó yọ̀ ṣubú, kò sí omi tó gbóná jù. Ó ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀run nìkan ló wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Àkọ́bí tètè dé. Ó ti kọ lẹ́tà yẹn. Kó tó fi ránṣẹ́, ó ní òun fẹ́ mú ẹ̀rí látinú ìwé ńlá, ló bá jókòó kà á láti oṣù kìíní. Ojoojúmọ́ ló rí bí mo ṣe ń tọ́jú ìyá rẹ̀, títí dé Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Ó ya lẹ́tà náà lójú mi.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ọ́fíìsì. Wọ́n ka èsì. Ilé méjì kùnà, iléeṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti tún ara ẹ̀ ṣe. Ilé tèmi yege. Ọ̀gá Onífáìlì ń kà á, kò wo apá ibi tí mo wà. Wolé-wolé ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èmi máa kọ́ àwọn tó kù ní omi pípò àti ìwé kíkọ. Èmi, ìwé mẹ́fà!
Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n kúkú kúrò nílé Màmá, kí n máa wá jókòó sí ọ́fíìsì. Mo ti ṣírò tèmi kó tó lanu. Mo ní ọjọ́ Ajé nìkan. Owó iṣẹ́ òòjọ́, owó ọkọ̀ lọ bọ̀, kí wọ́n sì ra nǹkan tí wọ́n fi ń wọn omi sí gbogbo ilé. Màmá ò ṣe é fi sílẹ̀. Ó wo fáìlì, ó wo òkè. Ó gbà.
Mo sáré lọ sọ fún Màmá. Mo ní ojú ń tì mí díẹ̀, kí n dúró níwájú èèyàn mẹ́rìnlélógún, kí àṣìṣe mi jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.
Màmá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi ni o. Kí wọ́n má lọ rò pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣáá ni.”