Omi Àdúrà Tí Mò Ń Mu Nítorí Àwo Orin Yín

Bọ̀dá Suleiman,

Àsàlámù aleikun. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti Marwa kékeré ọmọ yín. Òtútù ìlú òyìnbó ọ̀hún ńkọ́? Nílé l'Ọ̀kà, Bàbá ti wa iṣu tán, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi kò tíì wálẹ̀. Èmi ń lọ sí yunifásítì ní Àkùngbá lójoojúmọ́, ó sì rẹ̀ mí. N kò mọ̀ bóyá mo lè ka ìwé yìí yọrí.

Mo rí àwo orin mẹ́tàlì tuntun mẹ́ta, orin gìtá aláriwo yẹn, tí ẹ fi ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní prógíréésíìfù kò yé mi tán. Dúùmù, tó ń wọ́ bí ẹni tó ru ìdì igi, ni mo fi ń kàwé. Bíláàkì mẹ́tàlì, tí wọ́n ń fi igbe kọ, ló dá wàhálà sílẹ̀. Màámi gbọ́ igbe olórin náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Munir, ta ló ń ké nínú yàrá rẹ?"

Mo sáré pa orin náà. Mo ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni, Màámi."

"Yéè! Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, o ní kò sí ẹnikẹ́ni?"

Wọ́n gbà pé àlùjọ̀nnú ló wà lára mi. Láti ọjọ́ náà, omi tí Àfáà ka Kùránì sí ni mò ń mu láràárọ̀. Ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Màámi ní àwọn máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje nítorí mi láti Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ ṣàlàyé pé orin ni, ẹ̀yin lẹ sì fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa gbà.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín fún wa. Bí ẹ bá rí dúùmù mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́. Mo ti ra íápíìsì, etí mi nìkan ni orin náà yóò máa wọ̀.

Àbúrò yín,
Munir