Obìnrin Tó Ki Ọmọ Rẹ̀ ní Pápá Bọ́ọ̀lù

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí àbúrò yín tó ń tọ́jú yín. Èmi àti àbúrò mi Àkànní wà láàyè ní Kútọnu níbí, ṣùgbọ́n inú wa bàjẹ́.

Òjò kò jẹ́ ká rímú mí ní Cadjèhoun, àdúgbò wa. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí bẹ́ǹṣì, ibẹ̀ ni mo ti ń rán káákì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Láti ìgbà tí ìjọba àyípadà àwọn ológun ti dé, kàmáráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ni gbogbo oníbàárà ń pe ara wọn. Wọ́n ní gbogbo wa dọ́gba. Èmi òmùgọ̀ gbà wọ́n gbọ́.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá, tí Àkànní gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Benin? Ẹ fò dìde, ẹ tú gèlè, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: Àkànní, ọmọ Ìmẹ̀kọ, bí ẹ ṣe máa ń kì í láàárọ̀ kó tó lọ sóko. Òǹkọ̀wé kan tó gbajúmọ̀ jókòó lẹ́yìn yín, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí wọ́n ń fi ìlú Nàìjíríà kì kò yẹ kó wọ aṣọ Benin. Ó tún ní aṣọ́lé wọn, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Brazil padà wá, pupa jù, pé kò jọ ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Ìlú yín ni Ìmẹ̀kọ, ṣùgbọ́n Kétu, ní Benin níbí, ni wọ́n bí bàbá wa àti àwa méjèèjì, ibẹ̀ náà ni sàréè bàbá wa wà. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kò bèèrè.

Olùkọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn pe Àkànní sí kọ̀rọ̀. Ó ní kó kàn sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò mọ obìnrin tó ń ki òun rí, pé ó ní láti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ọjà Dantokpa, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àkànní ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Láàárọ̀ àná, bààlúù tó gbé àwọn yòókù lọ gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí òrùlé wa. Àkànní ń bá mi lọ aṣọ, kò gbójú sókè. Ó sunkún, ìyá mi, èmi náà sunkún. Kò sí ẹbí nítòsí tí a lè sá tọ̀.

Mo gbọ́ pé ẹ ní ẹ kò ní wá mọ́, pé ẹnu yín ló kó bá ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ máa bọ̀, Àkànní ń retí yín.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá wa kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Mo fún ìwé ìròyìn ní lẹ́tà yìí nítorí pé òǹkọ̀wé náà bi gbogbo ìlú pé ta ni obìnrin yẹn, kí ló sì wá ṣe níbí. Ìyá Àkànní ni. Ó wá wo ọmọ rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàó, télọ̀.