Orúnkún Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rí

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹrin

Ọ̀la ni yíyàn, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń mú ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́kọ̀ọ̀kan. Odidi ọdún kan làwa tó ń wá eléré fún ẹgbẹ́ wa fi wakọ̀ kiri kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí à ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú, tí à ń wo àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù. Kí ló wá pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú? Owó onírin. Iye ìgbà kan náà làwa àti ẹgbẹ́ Omaha pàdánù lọ́dún tó kọjá, ni wọ́n bá ju owó sókè lóṣù kejì. Lindqvist ọ̀gá wa pe ojú. Ẹ̀yìn ló jáde. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá — Wòlíì là ń pè é, torí ó ní kò sóhun tí òun kò tíì rí tẹ́lẹ̀ — ti ń bínú bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọjọ́bọ̀, 23

Omaha mú Koby Trautman, ààyò Wòlíì, lójú wa báyìí. Wòlíì fi ìkúùkù gbá tábìlì, kọfí dà sí mi lára. Ẹ̀gbọ́n Vern — ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń rìn — rọra ní Deshon Mabry ṣì wà ńlẹ̀, àyà ọmọ yẹn kì í já. Wòlíì ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ó kúrú. Àkókò ń lọ. A mú Mabry torí pé kò sẹ́lòmíì.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Wòlíì ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Písà àná la jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Karùn-ún

Trautman ṣubú ní ìdánrawò àkọ́kọ́ ní Omaha. Orúnkún. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọdún yìí ti parí fún un. Nínú ọ́fíìsì wa, mo gbọ́ ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Ó rí mi lára.

Ọjọ́ Ajé, 11

Wòlíì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní àwa ti rí àléébù orúnkún yẹn tipẹ́, Mabry ló wà lọ́kàn òun látìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ funfun báláú. Oríire ló ń pè ní ọgbọ́n, ojú ò sì tì í.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ìpàdé. Wòlíì fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n Vern sọ fáwọn oníròyìn pé òun Vern ló kọ́kọ́ rí orúnkún náà. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀yìn yíyàn ni wọ́n máa ń lé irú wa. Àdéhùn Vern tán lóṣù yìí, kíndìnrín ń da ìyàwó rẹ̀ láàmú. Kó ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni.

Vern bó ẹ̀pà, ó jẹ ẹ́ tán.

"Mi ò rí orúnkún kankan, ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó rí i. Mo kàn fẹ́ràn Mabry ni, bí mo ṣe fẹ́ràn àwọn mìíràn tí wọn ò já mọ́ nǹkan kan. Ká ní ojú ni owó yẹn fi hàn, ọ̀dọ̀ wa ni Trautman ìbá ti ṣubú."



Nínú ọkọ̀ mo bínú sí i. Mo ní ṣé òótọ́ ló máa sanwó ọsibítù ni. Ó ní ìdajì àwọn tóun yàn láyé òun ló dára. Bóun bá purọ́ nípa èyí, òun ò ní mọ èyí tó jẹ́ tòun nínú wọn mọ́.

Ọjọ́rú, 13

Wọ́n ti lé e.

Ọjọ́bọ̀, 14

Wòlíì pè mí. Ó fúnra rẹ̀ bu kọfí fún mi. Ó ní ipò Vern ṣí sílẹ̀.

"Calvin, ìwọ náà wo Trautman lọ́dún tó kọjá. O rí orúnkún yẹn, àbí o ò rí i?"

Mo wo ẹnu rẹ̀.

"Mo rí i, sà."