Orí Ta Ni Wọ́n Fá Nínú Fíìmù Àwọn Ọlọ́pàá?

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Èmi Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí yín, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìtẹ̀lé, lẹ́bàá Ọ̀tà. Ọkọ Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi ni ó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ kò rán mi níléèwé, n kò sì bínú mọ́. Ẹnu iṣẹ́ ló ti dé láti ilé iṣẹ́ irin, ó ń yán, ṣùgbọ́n mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má fi gírámà tirẹ̀ kún un. Mo kí Àkànní àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí gbogbo agbo ilé. Mo kí Mọ́rẹ̀nikẹ́, ọmọ Àkànní, torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń pariwo.

Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí síbi tí gbogbo ọmọ Ìmẹ̀kọ ti ń ka ìròyìn ìlú lórí fóònù. Gbogbo àdúgbò lẹ ti sọ fún pé Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò ní í ṣe ọlọ́pàá. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn, kó gbọ́ èyí náà.

Ara mi le. Òjò ti dé níhìn-ín, ẹrẹ̀ sì ti gba ọ̀nà débi pé ọlọ́kadà ń bẹ̀ wá kí a sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Èéfín àwọn ilé iṣẹ́ ń bà lé aṣọ tí a bá sá, mo ti jáwọ́ nínú aṣọ funfun. Bí Fúnmiláyọ̀ àti ọkọ rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ wọn lọ síléèwé, ilé á pa rọ́rọ́, n kò ní rí ẹni bá jà. Ìdí nìyí tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bọ̀sẹ́ ní Ìyànà Ìyẹsí. Aránṣọ ni, aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń rán. Mo ń bá a rán bọ́tìnnì, ó ń fún mi lówó ọbẹ̀.

Àkànní pè mí pé wọ́n ti ránṣẹ́ pe Mọ́rẹ̀nikẹ́ fún àyẹ̀wò iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Abẹ́òkúta, pé ẹ ní kò gbọdọ̀ lọ. Mo ní kí ló dé. Ó ní ẹ ní ẹ ti fojú yín rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Mo ní níbo lẹ ti rí i. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní nínú fíìmù ni. Mo mọ fíìmù náà lójú ẹsẹ̀, èyí àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti lọ kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá, tí sájẹ́ǹtì ń lé wọn kiri bí adìyẹ. Gbogbo ayé ló ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń sunkún tí wọ́n bá débi tí wọ́n ti fá orí ọmọbìnrin yẹn. Ẹ tún máa ń tọ́ka sí ọrùn àwọn ọkùnrin, pé ẹ wo bí lílù ṣe sọ ọ́ di dúdú.

Ìyá mi, tí ọmọ yìí kò bá dé Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọdún kejì tó ti ń wá iṣẹ́ náà rèé.

Mo ro ẹjọ́ yín fún Ìyá Bọ̀sẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ni òun rán aṣọ fíìmù yẹn, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọge. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n bi òun ní ohun tó bá wù mí. Ẹ mọ̀ mí. Mo bi í títí ó fi gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Mo kọ́kọ́ bèèrè ọrùn. Ó ní àwọn ọlọ́pàá kò gbà kí wọ́n wọ aṣọ gidi, nítorí náà òun ra aṣọ funfun tó nípọn, òun pa á láró dúdú. Kò tíì gbẹ dáadáa tí olùdarí fíìmù ní kí wọ́n wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń làágùn, àró ń ṣàn sí wọn lọ́rùn. Lílù kọ́. Ó ní ọ̀kan nínú wọn fi kànìnkànìn ha ọrùn títí, kò lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ní kó lọ sùn sórí ẹní kó má ba ibùsùn jẹ́.

Mo bèèrè bàtà. Ó ní bàtà kò kárí wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn wọ sálúbàtà, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ya ẹsẹ̀ wọn. Mo ní kí ọkọ Fúnmi bá mi wá fíìmù náà sórí fóònù. Òótọ́ ni, orúnkún ni gbogbo wọn parí sí.

Sájẹ́ǹtì tí ẹ ń ṣépè fún, onítìjú èèyàn ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá létí dàgbà jù ú lọ dáadáa. Kó tó gbá a, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí olùdarí bá ní kí wọ́n tún un ṣe, á tún dọ̀bálẹ̀, títí àgbàlagbà náà fi ní kó jọ̀ọ́ kó gbá òun, ilẹ̀ ń ṣú. Ìró tí ẹ ń gbọ́, àtẹ́wọ́ ẹnì kan lẹ́yìn ni, ọwọ́ kò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo wá bèèrè orí. Ìyá Bọ̀sẹ́ tú gèlè, ó tẹrí ba níwájú mi. Àpá kan wà lẹ́yìn orí rẹ̀, àpá yẹn náà ló wà nínú fíìmù. Ìyá ọmọbìnrin tó ń ṣeré náà ti ní abẹ kò ní kan orí ọmọ òun, ìgbéyàwó rẹ̀ ti sún mọ́lé. Làpálàpá sì ti bo Ìyá Bọ̀sẹ́ lórí, ó ti fẹ́ fá a tẹ́lẹ̀. Alùbọ́sà ni wọ́n fi sún ọmọ yẹn sẹ́kún, wọ́n ya ojú rẹ̀, wọ́n wá ya ẹ̀yìn orí aránṣọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, obìnrin tí orí ń yún lẹ ń sunkún fún, inú òun sì ń dùn pé wọ́n fá a fún òun lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo fẹ́ dìde, àmọ́ mo tún ní kó sọ èyí tí kì í ṣe irọ́ fún mi. Ó wé gèlè rẹ̀ padà. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín jù ni, ibi tí ọkùnrin tó sanra yẹn ti ń bì, tí àwọn yòókù ń ṣubú lé e. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n mú wá kọ́ wọn ní ìrìn, kò sì bìkítà pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó lé wọn nínú oòrùn títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀. Olùdarí kò sì dá kámẹ́rà dúró.

Nítorí náà n kò ní í sọ pé ó rọrùn. Àwọn tó bá lọ kọ́ṣẹ́ náà á sá eré, wọ́n á bì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ru pákí láti oko délé tí kì í sọ̀ ọ́ lọ́nà, eré kò ní pa á. Wọ́n lè ní kó gé irun rẹ̀, irun á tún hù. Bí ọjọ́ Ajé bá kọjá tí ọmọ náà kò lọ, kò ní bínú sí fíìmù. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọ ni yóò máa wò.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí yín gùn, kí ẹsẹ̀ yín má dùn yín mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìmẹ̀kọ. Bí wọ́n bá ti ka èyí tán, ẹ pe Àkànní, kó lọ bá awakọ̀ Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ kí àyè wà lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ sọ fún ìyàwó rẹ̀, kó máa fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yín. Mọ́rẹ̀nikẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí i. Ẹ̀yin lẹ ní kó má lọ, ẹnu yín ni kó ti gbọ́ pé kó lọ.