Ohun Tí Dókítà Sọ Nípa Ọmọ Yín

Ìyá wa, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àtọjọ́, ẹ sì kú ará fẹ́ra kù. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà kí n tó mú bírò. Mo kí Bùrọ̀dá Rájì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ. Mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ta ìkòkò àti abọ́ l'Ókè-Ajé, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa kí wọ́n lè wá jókòó tì yín. Àmínà, ọmọ-ọmọ yín, ní kí n kí yín. Ó ti ga dé èjìká mi báyìí.

Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bùrọ̀dá Rájì sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ará ilé ní mo mọ̀ pé ọkọ mi ń kú lọ, mo sì ń pè yín pé ara rẹ̀ ń yá, títí ẹ fi pe àwọn ààfáà wá ṣe àdúà ìdúpẹ́. Wọ́n ní mo fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú àwa méjèèjì. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni n'Íjẹ̀bú-Ifẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Èmi, aṣọ ni mò ń rán l'Ayépé, Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò sì ju èyí tí a fi ń bá oníbàárà dúnàádúrà lọ. Nígbà tí a dé ìlú Òyìnbó yìí, iṣẹ́ tíṣà ò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ń kó ẹran àti ẹja dídì pamọ́ sí ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì. Bí owó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Òtútù ibí, Ìyá, kì í ṣe bíi ti ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa kọjá lọ. Tibí a máa bá ènìyàn wọlé, a sì jókòó. Ọkọ mi á jáde kúrò láàárín ẹran dídì, á tún bọ́ sínú òtútù ìta. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, òtútù la dá lẹ́bi.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wá pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, a lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, wọ́n ní ká padà wá. Ọjọ́ tí a padà lọ, dókítà tó rí wa jẹ́ obìnrin àgbà kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ọkọ mi ń dá a lóhùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò yé mi. Àfi ìgbà tó sọ pé, "It's only a matter of time." Èyí yé mi, tàbí mo rò pé ó yé mi. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àkókò lásán ni, pé bó pẹ́ bó yá, ara rẹ̀ á le. Ni mo bá rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó wò mí, ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi sọ nǹkan kan fún un kíákíá, obìnrin náà sì tẹrí ba sórí ìwé rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo bi í bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní sùúrù ni dókítà ní ká ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pè yín. Ẹ ti ń wí pé Alhamdulillahi kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbà pé òótọ́ ni mo sọ fún yín.

Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé nítorí kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́ ni, pé ó ń wá ohun tí yóò máa ṣe. Bí mo bá ń rẹ́ ilá ní kíṣìnì, á wá jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ àkókò ló ń kọ́ mi jù. Ó ní àwọn Òyìnbó máa ń ná àkókò bí ẹni ná owó, ó sì máa ń tán lọ́wọ́ wọn. Ó ní bí mo bá fẹ́ gba ààyè níbi iṣẹ́, "time off" ni kí n bèèrè. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá kọ̀wé sí mi pé àwọn á dá mi lóhùn "in due course," kí n má jókòó máa retí, kí n pè wọ́n. Bí onílé bá ní mo lè wà níbẹ̀ "for the time being," kí n bi í pé títí di ìgbà wo. Mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ta ni yóò jẹ́ kí n dá lọ bá onílé sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ṣáà tún un sọ.

Òun náà ló ní kí n máa lọ sí kíláàsì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwa àlejò ní láíbìrì. Ní ọjọ́ kan, tíṣà wa kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ nípa ọdún àti àkókò sójú bọ́ọ̀dù. Ó kọ "year in, year out," ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún tí kò yí padà ni. Ó wá kọ gbólóhùn tí dókítà sọ. Ó ya igi kan tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà, tó ti tẹ̀ sórí òrùlé, ó ní igi náà kò ì tíì wó, ṣùgbọ́n ó dájú pé yóò wó. Mo nawọ́, mo ní ṣebí ohun rere ni wọ́n fi ń sọ. Ó ní ó lè jẹ́ rere nígbà mìíràn, níbo ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ní dókítà ọkọ mi ló sọ ọ́. Ó fi ohun tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Inú òjò ni mo gbà délé. Mi ò bọ́ kóòtù tí mo fi bi ọkọ mi léèrè ohun tí dókítà sọ gan-an. Ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, pé ó ti kọjá ohun tí wọ́n lè gé. Mo bi í ìdí tó fi parọ́ fún mi. Ó ní láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, òun ò rí mi kí n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, òun ò sì lè gbà á lẹ́nu mi. Inú bí mi, Ìyá. Mo pariwo mọ́ ọkùnrin tí kò lè dìde. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi.

Mo mú fóònù kí n pè yín. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní ìyá òun ló bí òun, ẹnu òun ni wọn yóò ti gbọ́ ọ, kí n jẹ́ kí ẹ ṣe Iléyá tán kí ẹ tó máa sunkún. Mo gbà fún un. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò pè yín mọ́. Ẹ rántí pé ẹ bínú sí mi nígbà náà, ẹ ní ìlú Òyìnbó ti yí mi lórí. Mi ò lè parọ́ fún yín, òótọ́ náà kò sì sí níkàáwọ́ mi láti sọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, òun fúnra rẹ̀ pè yín. Ẹ sọ fún un bí àgbò ṣe já okùn tó sáré wọ pálọ̀ aládùúgbò, tó jókòó sórí àga bí àlejò. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mò ń retí kí ọ̀rọ̀ náà jáde, kò jáde. Nígbà tí ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ó ní ohùn yín dùn jù, òun ò lè bà á jẹ́ lónìí, pé ó di ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ, mo sì pe kálímà sí i létí títí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀ nínú tèmi.

Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ló bá wa wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì sin ín. Agbára láti gbé e wálé kò sí. Àmínà bi mí létí sàárè bóyá kò ní tutù jù fún bàbá òun níbẹ̀.

Ìyá wa, mo ti sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ẹ bá ṣì ń bínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Mi ò ní kí ẹ bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ jà nítorí mi. Bí mo bá jáde opó, èmi àti Àmínà ń bọ̀ wálé. Ẹ fún mi láyè ní yàrá yín, ẹní lásán náà tó. Ẹ̀rín tí ọmọ yín rín lórí fóònù nígbà tí ẹ ń sọ ti àgbò, ẹ̀yin gbọ́ ọ, ẹ ò rí ojú rẹ̀. Èmi rí i. Mo fẹ́ wá sọ fún yín bí ojú náà ṣe rí, nítorí ó dára.

Ọlọ́run Ọba kó fi àlùjánńà kẹ́ ọmọ yín. Kó dá ẹ̀mí yín sí, kó má fi ẹkún ọmọ kan yín mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹni tó ń bínú àti ẹni tí kò bínú.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù, ìyá Àmínà.