Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Rẹ àti Ohun Tí Mo Sin Sábẹ́ Igi Ọsàn

Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin,
Wásinmi.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 1988.

Yéwándé, ìyá mi, ọmọ mi,

O kú ìlú Èkó, o kú ariwo, o kú ìrìn, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun kánú? Bí o bá bèèrè wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a wà láyé, a ń mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mímí tèmi kò lọ déédéé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdí gan-an tí mo sì fi mú bírò nìyẹn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ojú irin tí kì í jẹ́ kó já sínú igbó, yóò máa ṣọ́ ọ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti sàn díẹ̀ látìgbà tó ti ń fi òrí pa á, ẹnu rẹ̀ ní tirẹ̀ kò ṣàìsàn rí. Àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ lóko. Ewúrẹ́ ìyá Herbert tún wọ inú ẹ̀fọ́ wa, òun àti ìyá rẹ sì ti fi ẹjọ́ náà pa odidi ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Wọ́n ti fi mí sí ìgbìmọ̀ tí yóò kun ilé ìjọsìn, èmi ni mò ń tọ́jú ọ̀dà, inú yàrá mi ló wà, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo mọ̀ pé o ti ń bi ara rẹ pé kí ló kan ọ̀dà. Òótọ́ ni, ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀rù ló sì ń bà mí.

Nígbà tí o gbé e wá sílé lóṣù tó kọjá, o ṣàlàyé fún mi dáadáa. O ní àlòkù ọ́fíìsì yín ni, pé wọ́n ti ra tuntun, wọ́n sì yọ̀ǹda ògbólógbòó yìí fún ọ. O ní kò sí ohun tó ṣe é ju pé ó ti dàgbà, àyè inú rẹ̀ kò gba nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá yọ dísíìkì kékeré inú rẹ̀ tí a fi èyí tó gbà jù ú lọ dípò, yóò lè ṣe iṣẹ́ àwọn ìwé ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá fẹ́ gbé fún ọ, bí o bá lè fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n kó tó di ogúnjọ́ oṣù yìí. O ní owó tí o fi máa ra tuntun kò sí, owó tí wọ́n ń gbà fún àtúnṣe l'Ékòó pàápàá kò sí, ìdí nìyẹn tí o fi ní kí n gbé e lọ bá Mọ́ṣúdù ní Òkè-Ìléwó, ẹni tó ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀, tó ti wá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, o sì fi owó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan tí o kọ ohun tí yóò ṣe sí. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Mo ṣiṣẹ́ rélùwéè fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ojú mi ni wọ́n ṣe ń já orí ọkọ̀ tó ti gbó, tí wọ́n ń so tuntun mọ́ àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, tí ọkọ̀ sì ń lọ.

Mọ́ṣúdù rìnrìn àjò nígbà náà, ẹ̀rọ náà sì lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú pálọ̀ wa. A tọ́jú rẹ̀ bí àlejò. Nítorí o sọ fún mi pé ohunkóhun tó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í jáde àfi bí èèyàn bá yọ ọ́, mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ìsọkúsọ níwájú rẹ̀. Ìyá rẹ a máa gbé ẹjọ́ ewúrẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Àdúrà òwúrọ̀ nìkan la ń gbà níbẹ̀, a sì ń gbà á sókè dáadáa, kí ohun rere lè wà nínú ẹ̀rọ náà nígbà tó bá padà sọ́dọ̀ rẹ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi aṣọ ìbora dì í, mo gbé e lé itan mi nínú ọkọ̀ títí dé Abẹ́òkúta. Dírẹ́bà ní kí n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, mo bi í bóyá ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń gbé ọmọ tirẹ̀ sí. Mọ́ṣúdù gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fún mi ní àga. Mo fa àga náà sún mọ́ ọn, n kò sì mójú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí mẹkáníìkì kan fi ojú ẹ̀gbọ́n mi rí ní Papalanto. Ohun tó dára ló yọ nínú mọ́tò rẹ̀, ohun tó ti kú ló fi síbẹ̀, ó sì tún gbowó lé e. Látìgbà náà ni mo ti búra pé ẹni tó bá pààrọ̀ ohunkóhun fún mi, yóò kó ògbólógbòó rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ó tú ẹ̀rọ náà. Yéwándé, inú rẹ̀ kò wù mí í wò, wáyà ló kún ibẹ̀ bí ìfun. Ó yọ dísíìkì náà, àpótí irin kékeré kan tí kò ju Bíbélì ìyá rẹ lọ, àmọ́ tó wúwo jù ú lọ. Ó fi èkejì sí i, ló bá fẹ́ ti èyí tó yọ bọ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Mo ní kó mú un wá. Ó ní ìyẹn ti di tòun, pé bí òun àti ìwọ ṣe ṣàdéhùn nìyẹn. Mo ní kò sí àdéhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ọmọ mi kọ fún mi, mo yọ ìwé rẹ lápò, mo kà á sí i létí láti òkè délẹ̀. Ó ní bí òun kò bá ti ní í mú ti àtijọ́, owó tí o fi sílẹ̀ kò tó, àfi kí òun yọ tuntun padà. Mo ní kó yọ ọ́ bó bá láyà. Ó sì yọ ọ́ lóòótọ́. Mo ju dísíìkì rẹ sápò agbádá, mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú inú títú, mo bá ọ̀nà mi lọ. Inú mi ń dùn, mo ní mo ti gba ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ gbájúẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí màá tọ́jú dísíìkì náà sí. O ti sọ pé gbogbo iṣẹ́ tí o ti fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Bí onígbàjámọ̀ bá fárí fún wa, ṣé a máa ń fi irun sílẹ̀ fún un ni? Èékánná tí a gé, ṣé ojú títì là ń dà á sí? Ohun tó bá tara ọmọ jáde, ilé baba rẹ̀ ló ń gbé. O mọ̀ pé n kì í bọ òrìṣà, àmọ́ èyí kì í ṣe ìbọ̀rìṣà, ìtọ́jú ni, má sì jẹ́ kí pásítọ̀ wa gbọ́. Mo wé dísíìkì náà sínú ọ̀rá, mo fi í sínú agolo, mo gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé níbi tí a sin ìwọ́ rẹ sí lọ́dún 1961, mo sì sin ín síbẹ̀. Ìyá rẹ bi mí léèrè ohun tí mò ń sin, mo ní ọ̀rọ̀ àárín baba àti ọmọ ni.

Lọ́jọ́rú, òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Mo jókòó ní pálọ̀, mo ń ka ìwé rẹ fún ìyá rẹ kó lè mọ bí mo ṣe fi òfin mú Mọ́ṣúdù. Ìyá rẹ tí kò ka ìwé kan rí láyé rẹ̀ ló ní kí ni ohun dúdú dúdú tó hàn lẹ́yìn bébà yẹn. Mo yí i padà. Ìwé ni. Ọwọ́ rẹ ni. O kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé Mọ́ṣúdù ni yóò mú dísíìkì àtijọ́, nítorí ẹ̀ ló ṣe gba owó kékeré, ṣùgbọ́n kó tó mú un, kó kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sínú tuntun, nítorí iṣẹ́ rẹ ni, àwọn ni wàá sì fi han ilé ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn náà o ní, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án.

Mo wo ìta, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Mo mú ọkọ́, mo wọ inú òjò náà. Ìyá rẹ ń pariwo pé kí n rántí àyà mi. Omi ti dúró lábẹ́ igi ọsàn náà, gbogbo ilẹ̀ ti di ọ̀kan, n kò mọ ibi tí mo gbẹ́ gan-an mọ́, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé kí n má lọ gbẹ́ ìwọ́ rẹ jáde. Nígbà tó pẹ́, ọkọ́ dún lára agolo. Omi wà nínú agolo náà. Ọ̀rá ni n kò mọ̀ bóyá omi gba ibẹ̀ kọjá. Mo fi aṣọ tí mo ń wọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì nù ún, n kò sì lè jẹun. Ohun tí mò ń rò ni pé ọmọ mi ti fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́, mo sì fi ọjọ́ kan sin ín.

Lọ́jọ́bọ̀, mo padà sí Òkè-Ìléwó. Èmi Theophilus dúró lẹ́nu ọ̀nà ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó iye ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mo ṣí fìlà, mo ní kó má bínú. Ó dìde gìrì, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó gba dísíìkì náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ igi ọsàn fún un, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á, ó wojú mi, kò rín in mọ́. Ó ní kí a má tíì tan iná sí i, kó gbẹ ná. Ó gbé e sábẹ́ gílóòbù kan, ó ní kí n máa lọ, kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ilé Tẹjúmádé àbúrò ìyá rẹ ni mo sùn, ìyẹn bí a bá lè pè é ní oorun.

Lánàá ọjọ́ Ẹtì, ó tan iná sí i. Ó kùn, ó dákẹ́. Ó tún kùn. Mo ń gbàdúrà nínú, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Gíláàsì ojú ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, àwọn lẹ́tà aláwọ̀ ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá. Mọ́ṣúdù ní ó wà láàyè! Mo dì mọ́ ọn, Yéwándé, mo dì mọ́ ọn bí ọmọ ìyá mi. Ó ní òun yóò máa kó wọn bọ́ sínú tuntun, òun yóò sì máa ṣí díẹ̀ wò nínú wọn kí òun lè mọ̀ pé omi kò ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́. Ó ṣí ìwé ilé ẹjọ́, ó ṣí ìwé ìpè ìgbéyàwó, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Nígbà náà ló ṣí ọ̀kan, ó yí gíláàsì náà sọ́dọ̀ mi, ó ní ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ èyí sí, ó sì bọ́ síta.

Orúkọ mi ni mo rí. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀, pé bó ṣe jókòó tì wá nínú pálọ̀ ló mú kó máa fẹjọ́ rẹ sùn mí. Ó ní, Bàbá mi, ẹ má bínú, mo ti ń parọ́ fún yín. Ó ní wọ́n ti dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kejì, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ni wọ́n gbé fún ọ pé kí o máa lọ. Ó ní o ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, òun lo fi ń jẹun, òun lo sì fi ń ránṣẹ́ sílé. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Màmá pé. Ó dúró síbi ọ̀rọ̀ pé yẹn. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, àfi ìlà kékeré kan bí igi ìṣáná tó ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìwọ ni, pé o bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí mi, o kò sì lè parí rẹ̀. Mo jókòó síwájú igi kékeré náà títí Mọ́ṣúdù fi wọlé. Èmi ni mo kọ̀wé sí ọ lóṣù kẹrin pé òrùlé ilé ìdáná ń jò, pé kí o fi owó páànù ránṣẹ́, o sì fi í ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Páànù náà wà lórí ìyá rẹ báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò lè gbójú sókè wò ó.

Mọ́ṣúdù ti parí iṣẹ́. Ó mú dísíìkì àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn yín, kò gba kọ́bọ̀ lé e, ẹ̀rọ náà sì ń sáré. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá ọ, kí ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà tó pé. Péjú tó ń ṣe tíṣà níbí ni mo fi lẹ́tà yìí rán ṣáájú, kí ojú má baà tì ọ́ nígbà tí o bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà. N kò bínú sí ọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, o sì ti dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin nínú yàrá kan tí n kò mọ̀ bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀.

Nípa owó, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí, má sì fi ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Gààrí wà, ẹ̀fọ́ wà, màá di tìrẹ dání. Ìyá rẹ kò tíì gbọ́ nǹkan kan, nítorí o ní kí n má tíì sọ. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi wọ inú ọ̀rá yẹn kò ní í jẹ́ kí omijé wọ ilé rẹ, àwọn tó ní kí o máa lọ yóò gbọ́ ìròyìn rẹ ní rere.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ. Mo ti ní kí Mọ́ṣúdù kó lẹ́tà náà bọ́ sínú tuntun pẹ̀lú àwọn yòókù, kó má ṣe pa á rẹ́. Bí mo bá gbé ẹ̀rọ náà dé, jókòó síwájú rẹ̀, kí o sì tẹ ohun tó kù lẹ́yìn pé yẹn. Màá jókòó tì ọ́, n kò ní í wo gíláàsì títí o óò fi ní kí n wò ó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Theophilus.